Kẹ́hìndé mi wà ní Depot Zaria, ó ku díẹ̀ kí wọ́n jáde. Ẹ̀yin òbí sójà, ẹ dá mi lóhùn o

Ìyá Ìbejì (Ìkọ̀lé)

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìfọhùn. Lónìí, ó kàn mí.

Kẹ́hìndé mi ń ṣe sójà. Ó ka iṣẹ́ iná ní pólì, ó gba OND, ó jókòó sílé títí, iṣẹ́ kò sí. Ló bá gba fọ́ọ̀mù rékrúùtù ní apá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Kò sọ fún bàbá rẹ̀, kò sọ fún èmi náà, àfi ìgbà tí orúkọ jáde. Ìgbà tí iṣu tuntun ń wọ ọjà ló lọ sí Depot, ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn sójà tuntun, ní Zaria. Ọyẹ́ ti dé báyìí, a sì gbọ́ pé wọn ò ní pẹ́ jáde.

Wọn kì í jẹ́ kí wọ́n lo fóònù. Lọ́jọ́ Ìsinmi, nọ́ńbà kan tí mi ò mọ̀ pè mí. Òun ni. Ohùn rẹ̀ ti ha pátápátá. Ó ní, "Màámi, a ń wọ igbó lọ́la. Ẹ má pe nọ́ńbà yìí padà. Ẹ gbàdúrà fún mi." Ó pa á. Láti ìgbà yẹn, bí fóònù bá ti dún, àyà mi á já.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ọmọ yín ti gba ibẹ̀ kọjá, kí ni wọ́n ń lọ ṣe nínú igbó? Ṣé a máa gbóhùn wọn kí wọ́n tó jáde? Ṣé kí n fi owó ránṣẹ́? Báwo ni èèyàn sì ṣe ń dé Zaria láti Èkìtì? Èmi ò kọjá Lọ́kọ́jà rí.

Táíwò, ìkejì rẹ̀, wà ní yunifásítì ní Adó. Bí ẹ̀yìn bá ti ń dun ún, á pè mí, á ní Kẹ́hìndé ló ń gbẹ́ kòtò níbi tó wà. Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún. Ti bàbá wọn tún yàtọ̀. Tíṣà Jọ́gíráfì tó ti fẹ̀yìntì ni. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ìwé ṣe rí lára àwa Èkìtì. Bí mo bá ti dárúkọ Kẹ́hìndé báyìí, á yí rédíò sókè.

Sájẹ́ǹtì Fẹ̀yìntì (Ìgbàrà-Odò)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àárò ọmọ. Zaria ni wọ́n ti fá orí tèmi náà, nígbà tí irun ṣì wà níbẹ̀ láti fá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ohùn. Ohùn tó ha yẹn, orin ni. Bí ẹ bá ń sáré láàárọ̀ ní Depot, ẹ ń kọrin. Bí ẹ bá ń rìn, ẹ ń kọrin. Bí ọ̀gá bá béèrè ọ̀rọ̀, gbogbo yín lẹ ó pariwo dáhùn, bí kò bá sì dùn mọ́ ọn létí, ẹ ó tún un pariwo. Kò sí rékrúùtù tí ohùn rẹ̀ ń dán ní ìparí. Ọmọ yín ò sunkún.

Ti igbó, ẹ dúpẹ́. Nínú oṣù mẹ́fà yẹn, ìbẹ̀rẹ̀ kò ju ìtò, ìsáré, fífọ aṣọ, dídán bàtà àti ìjìyà lọ. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó máa sá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń gbé ìbọn fún wọn: wọ́n á kọ́ bí a ṣe ń tú AK-47 palẹ̀, tí a ń nù ún, tí a ń tò ó padà, títí ọwọ́ á fi mọ̀ ọ́n láìwojú. Wọ́n á wá lọ sí pápá ìyìnbọn. Ìgbà tí èyí bá ti wọra ni wọ́n tó ń kó wọn wọ igbó, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń da gbogbo ẹ̀kọ́ yẹn pọ̀. Kòtò tí wọ́n bá fọwọ́ ara wọn gbẹ́ ni wọ́n ń sùn sí. Wọ́n á rìn lóru láìtan iná. Wọ́n á lúgọ de ara wọn. Wọ́n á gbé ẹnì kejì wọn tó ṣe bí ẹni tó fara gbọgbẹ́, pẹ̀lú ìbọn tirẹ̀ àti tiwọn. Wọ́n á ka máàpù, wọ́n á fi kọ́ńpáàsì wá ọ̀nà láti ibì kan dé ibòmíràn nínú òkùnkùn. Bí ó bá sì tán, ẹsẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi rìn padà pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn.

Ẹsẹ̀ ló ń ṣe rékrúùtù jù, kì í ṣe àyà. Bàtà tó bá ti bó ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ di rannto nìyẹn.

Tí wọ́n bá jáde nínú igbó, ìgbaradì fún POP ló kù, ìyẹn ayẹyẹ ìjáde wọn. Ẹ má rò pé ìyẹn rọrùn o. Wọ́n á dúró nínú oòrùn fún wákàtí mélòó kan, wọn ò gbọ́dọ̀ mira. Ìrìn jẹ́jẹ́ tí ẹ ó rí wọn tí wọ́n ń rìn níwájú ọ̀gá àgbà, tí ẹsẹ̀ á máa dúró lófuurufú kó tó balẹ̀, ó le ju ìsáré lọ. Ọmọ ti ṣubú níbẹ̀ lójú mi nítorí pé ó ti orúnkún pa.

Owó, ẹ má fi ránṣẹ́. Kò síbi tó máa ná an sí nínú igbó.

Ìyá Dámi (Ìjerò)

Ìyá Ìbejì, mo mọ ibi tí bàtà ti ń ta yín lẹ́sẹ̀. Ọmọbìnrin ni tèmi. Bí wọ́n ṣe ń lé àwọn ọkùnrin náà ni wọ́n ń lé wọn, kò sí "obìnrin ni ẹ́" níbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wọn kì í ṣe ibi. Bí nǹkan bá ṣe ọmọ, àwọn ọ̀gá ní nọ́ńbà ìbátan tó kọ sínú fọ́ọ̀mù, wọ́n á pe ilé. Èmi ò mọ èyí nígbà náà. Gbogbo òru ni mo fi ń ka Sáàmù. Ọmọ tí mo ń ka Sáàmù lé lórí ń sùn fọnfọn nínú kòtò rẹ̀ níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Ó ní òun ò sun oorun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé òun.

Ọjọ́ tí ẹ bá rí i, ẹ múra ọkàn yín sílẹ̀. Ó máa gbẹ. Ó máa dúdú. Tèmi jẹun tán kí n tó bù ẹ̀ẹ̀kejì sẹ́nu. Mo ní kó rọra jẹ, ó ní "Yes ma!", gbogbo ilé oúnjẹ yíjú wò wá.

Ọmọ Adó

Ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n èmi á sọ ohun tí àwọn yòókù ń rò. Ọmọ tó ní OND iná, ṣé Zaria ló yẹ kó wà? Ẹ ń sọ̀rọ̀ ayẹyẹ, ẹ ò sọ ohun tó wà lẹ́yìn ayẹyẹ. Àwọn tí wọ́n ń kó jáde yẹn, Borno ni wọ́n ń dà wọ́n lọ. Bàbá àwọn ìbejì yìí ló gbọ́n jù nínú gbogbo yín.

Sájẹ́ǹtì Fẹ̀yìntì (Ìgbàrà-Odò)

Ọmọ Adó, o ò purọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lọ sí Àríwá Ìlà-Oòrùn, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn Bókò Háráàmù jà lábẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Operation Hadin Kai láti 2021. Mo ti sin ọ̀rẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún Ìyá Ìbejì pé kò sí ewu kò fẹ́ràn rẹ̀.

Àmọ́ ìwọ náà gbọ́ ìyókù. Gbogbo sójà kọ́ ló ń dúró síwájú ogun. Lẹ́yìn Depot, wọ́n ń pín wọn sí ẹ̀ka. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ní iléèwé tiwọn ní Jaji. Àwọn oníbọn ńlá wà ní Kachia, àwọn onítáńkì ní Bauchi, àwọn tó ń ṣe afárá ní Makurdi, àwọn oníbánisọ̀rọ̀ ní Apapa l'Ékòó. Àwọn oníná àti mẹkáníìkì, Auchi ni iléèwé tiwọn. Ọmọ tó bá wọlé pẹ̀lú iṣẹ́ iná lọ́wọ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n wo apá Auchi tàbí Apapa fún un. Mi ò ṣèlérí. Ibi tí iṣẹ́ bá pọ̀ sí ni wọ́n ń gbé èèyàn lọ.

Ọmọlẹ́yìn Fájuyì (Adó)

Ọmọ Adó, o pe ara rẹ ní ọmọ Adó, o wá ń bú sójà? Lọ dúró níwájú ère tó wà ní Fajuyi Park, kí o tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ.

Tíṣà àti akọ̀wé ni Adékúnlé Fájuyì kó tó wọ iṣẹ́ ológun ní 1943. Ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Sájẹ́ǹtì ni, ní ẹ̀ka àwọn oníbánisọ̀rọ̀, nígbà tí wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ British Empire Medal ní 1951. Ẹ mọ ìdí? Àwọn ọmọ ogun fẹ́ dìtẹ̀ nítorí oúnjẹ tí wọ́n ń fún wọn, òun wà lára àwọn tó bá wọn pa iná rẹ̀. 1954 ló tó di ọ́fíísà. Ó lọ jagun ní Kóńgò, ó gba Military Cross níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di January 1966, òun ni gómìnà ológun fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn.

Ẹ sọ fún tíṣà yẹn ní Ìkọ̀lé pé tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló wà lórí òpó yẹn.

Ọmọ Adó

Mo mọ ìtàn Fájuyì dáadáa. O ò kà á parí ni. 29 July 1966, wọ́n pa òun àti àlejò rẹ̀, Ironsi tó jẹ́ olórí ìjọba ológun nígbà náà, n'Íbàdàn. Ìdí tí mo fi sọ ohun tí mo sọ nìyẹn.

Ìyá Dámi (Ìjerò)

Ilé náà kò sì gbani mọ́, Ọmọ Adó. Ní January 2024, ní Èkìtì wa níbí, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà, wọ́n tún kó àwọn ọmọ iléèwé àti olùkọ́ wọn ní Èmùré. Ta ni a ń pariwo pé kó wọ igbó lọ bá wa wá wọn? Ṣé àwọn ọmọ tí ìyá wọn tì mọ́lé ni? Ọmọ ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣe é.

Mi ò sọ pé kí ọmọ tìẹ lọ o.

Ìyá Ìbejì (Ìkọ̀lé)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ má jà nítorí mi. Mo ka gbogbo rẹ̀ sókè nílé ní alẹ́ àná. Bàbá wọn ò dá sí i, títí mo fi dé ibi tí Sájẹ́ǹtì ti sọ pé wọ́n ń ka máàpù. Ó pa rédíò.

Ó ní kí n béèrè lọ́wọ́ yín: irú máàpù wo? Ṣé èyí tí wọ́n fi ìlà ṣe àmì òkè àti àfonífojì ni? Àti pé ṣé wọ́n ń kọ́ wọn ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín àríwá tí kọ́ńpáàsì ń tọ́ka sí àti àríwá tó wà lórí máàpù? Èmi ò mọ ohun tó ń sọ. Bó ṣe pè é ni mo ṣe kọ ọ́.

Sájẹ́ǹtì Fẹ̀yìntì (Ìgbàrà-Odò)

Ẹ sọ fún Ọ̀gá Tíṣà pé èyí tó ní ìlà gan-an ni. Bí ìlà bá súnmọ́ra, òkè náà dúró ṣánṣán, kí èèyàn wá ibòmíràn gbà. Wọ́n á fún wọn ní nọ́ńbà, wọ́n á ní kí wọ́n fi wá igi kan nínú odindi igbó. Ti àríwá méjèèjì náà, wọ́n ń kọ́ wọn. Ẹni tí kò bá ṣírò ìyàtọ̀ rẹ̀, abúlé ẹni ẹlẹ́ni ló máa balẹ̀ sí. Ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa, àwọn Fúlàní ló fún wọn ní wàrà mu kí wọ́n tó rọ́nà padà.

Ìyá Ìbejì (Ìkọ̀lé)

Ẹ gbà mí o! Ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí báyìí. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀. Ó ní òun ni ọ̀gá Kẹ́hìndé ní Depot. Ó pe orúkọ rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ pé pérépéré, ó mọ̀ pé Èkìtì ni a ti wá. Ó ní wọ́n fẹ́ pín wọn, orúkọ ọmọ mi sì wà nínú àwọn tó ń lọ Maiduguri. Pé bí mo bá fi ₦150,000 ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, òun á yí i sí Èkó. Ó ti fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́, orúkọ obìnrin ló wà níbẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Bàbá Ṣadé (Ọmùò)

Ẹ MÁ SAN KỌ́BỌ̀. Olè ni.

Wọ́n máa ń gbé orúkọ àwọn tí wọ́n mú sójú íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ìpínlẹ̀ wọn. Ibẹ̀ ni àwọn oníjìbìtì yìí ti ń ṣa orúkọ. Nọ́ńbà òbí kò sì ṣòro fún wọn láti rí, ẹ wo iye àwọn tó ń kọ "ẹ bá mi yọ̀, ọmọ mi wọlé" sórí Facebook pẹ̀lú nọ́ńbà wọn lábẹ́.

Ẹ jẹ́ kó tún pè. Bó bá pè, ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: láàárín Kẹ́hìndé àti ìkejì rẹ̀, ta ló kọ́kọ́ dé ayé?

Sájẹ́ǹtì Fẹ̀yìntì (Ìgbàrà-Odò)

Bàbá Ṣadé ti sọ ọ́. Ẹ fi kún un pé kó sọ nọ́ńbà ológun ọmọ náà fún yín. Ẹ má sì bú u, ẹ kàn pa fóònù. Láti ìgbà gbígba fọ́ọ̀mù títí dé ọjọ́ POP, kò sí ibi tí òbí ti ń sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Ìyá Ìbejì (Ìkọ̀lé)

Ó pè padà. Mo bi í. Ó ní, "Madam, Kehinde came first now, he is the senior."

Táíwò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gba fóònù, ó ní, "Ọ̀gá, Táíwò ni mí, èmi ni mo kọ́kọ́ dé, mo sì ń bọ̀ wá bá ẹ." Ó pa á ni. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, títí kan ẹni tó ń yí rédíò sókè.

Ọmọ Ọdún Tó Kọjá

Ẹ kú àṣálẹ́, ẹ̀yin màmá àti bàbá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìsọ̀rí yìí ránṣẹ́ sí mi. Èmi náà jáde ní Zaria láìpẹ́, ọmọ Ìlasà ni mí. Mi ò ní sọ ibi tí mo wà báyìí.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn òbí kì í béèrè ni mo fẹ́ sọ. Ní oṣù tó kẹ́yìn yẹn, kì í ṣe ìyà ló ń pa wá mọ́, a ti mọ́ra. Ìrònú ilé ló ń yọ wá lẹ́nu. Ẹni tó bá pe ilé tí ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún lórí fóònù, ọjọ́ kejì kì í dáa fún un. Màmá, bí ó bá tún ráyè pè yín, ẹ má sunkún. Ẹ sọ fún un pé ajá bí, òrùlé ti ń jò, Táíwò ti gbé bàtà rẹ̀ wọ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń gbé wa dìde.

Bí ẹ bá ń bọ̀ wá POP: ẹ mú sálúbàtà tó fẹ̀ dání, nítorí lọ́jọ́ yẹn kò sí ohun tó dùn tó kí èèyàn yọ bàtà yẹn. Ẹ mú òróró ìpara tó pọ̀, ọyẹ́ Zaria ń la ètè. Àti oúnjẹ. Ẹ jọ̀ọ́, oúnjẹ. Mo lá àlá iyán ní Depot, àlá gidi, mo jí, mo ń jẹnu.

Ìyá Dámi (Ìjerò)

Iyán kì í dé Zaria o. Mo gbìyànjú rẹ̀ nínú kúlà, ó ti di òkúta ká tó kọjá Àbújá. Ẹ gbé iṣu àti ẹ̀gúsí tí ẹ ti sè dání, kí ẹ gún un níbẹ̀.

Bàbá Ṣadé (Ọmùò)

Odó wà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Sabon Gari ní Zaria láti ìgbà tí mo wà ní kékeré, àwa Yorùbá pọ̀ níbẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, mo máa so yín pọ̀. Ilé rẹ̀ lẹ ó wọ̀, ẹ ò ní sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì.

Ti ọ̀nà: èmi ni mo ń wa ọkọ̀ láti Ọmùò lọ Àbújá, ẹ gbọ́ tẹnu mi. Ẹ kúrò ní Ìkọ̀lé ní ìdájí, ẹ gba Ọmùò já sí Kàbà, Obajana, Lọ́kọ́jà, kí ẹ wọ Àbújá nígbà tí oòrùn ṣì wà. Ẹ sun Àbújá. Ẹ má rin òru, ẹnikẹ́ni tó bá ní ọkọ̀ òun á rin òru, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Idu, ó máa já yín sí Rigasa ní Kàdúná. Láti Kàdúná dé Zaria kò jìnnà mọ́.

Ọmọ Adó

Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n kọlù ní March 2022 yẹn?

Bàbá Ṣadé (Ọmùò)

Òun náà. Wọ́n ti tún un bẹ̀rẹ̀ láti December 2022, pẹ̀lú àwọn agbófinró nínú rẹ̀. Tí mo bá gbé e sórí ìwọ̀n pẹ̀lú títì Àbújá sí Kàdúná, ojú irin ni màá gbé ìyá mi sí. Awakọ̀ ni mí o, èmi ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Ìkọ̀lé)

Wọ́n ti jáde nínú igbó! Ó pè. Mo sọ fún un pé ajá bí. Mi ò sunkún, àfi lẹ́yìn tó pa á. Ó ní kí n sọ fún Táíwò kó bọ́ bàtà òun.

Bàbá wọn gba fóònù fúnra rẹ̀. Kò kí i. Ó ní, "Kí ni a ń pè ní ìlà tó so ibi tó ga bákan náà pọ̀?" Ọmọ dá a lóhùn, ó sì pariwo "Sir!" mọ́ ọn lẹ́yìn. Bàbá ní, "Má pariwo mọ́ mi, n kì í ṣe adití." Ó wá béèrè lọ́wọ́ mi pé èló ni owó ọkọ̀ ojú irin.

Sájẹ́ǹtì Fẹ̀yìntì (Ìgbàrà-Odò)

Mo ti ń rẹ́rìn-ín láti àárọ̀. Ẹ rántí o: bí ẹ bá ti ní ọjọ́ POP lọ́wọ́, ẹ tètè dé ẹnu géètì láàárọ̀, àwọn tó ń yẹ ẹrù wò kì í kánjú. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ yín dání. Ẹ má wọ aṣọ tó jọ ti sójà rárá, ì báà jẹ́ fìlà.

Ìyá Ìbejì (Ìkọ̀lé)

Ẹ má bínú pé ẹ ò gbúròó mi. A ti lọ, a ti dé. Ẹ gbọ́.

Ọ̀nà rí bí Bàbá Ṣadé ṣe wí. Nínú ọkọ̀ ojú irin, ọkọ mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ń ṣàlàyé ilẹ̀ ọ̀dàn fún gbogbo ẹni tó wà nítòsí: ìdí tí igi fi ń kúrú sí i, ìdí tí koríko fi gbẹ, ibi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Alhaji kan tó jókòó síwájú wa ń mi orí títí oorun fi gbé e lọ.

Ẹ̀gbọ́n Bàbá Ṣadé gbà wá bí ẹbí. Ọlọ́run á san án fún un.

Ẹnu géètì ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Àwọn ìbejì mi jọra débi pé èmi gan-an ń ṣì wọ́n pè lókèèrè. Bí a ṣe tò lórí ìlà, sójà kan kàn rí Táíwò pẹ̀lú irun orí rẹ̀ àti ṣòkòtò jíǹsì. Ó figbe ta! Ó ní rékrúùtù, ta ló ní kí o jáde, níbo lo ti rí irun, dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀! Táíwò ti fẹ́ dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́. Bàbá rẹ̀ ló bọ́ sáàárín, ó fi ohùn tíṣà sọ pé, "Èyí wà ní yunifásítì. Èyí tó jẹ́ tiyín wà nínú ilé." Tiyín, ó ní. Èmi nìkan ni mo gbọ́ bó ṣe sọ ọ́.

Ti ìtò yẹn, mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀. Gbogbo wọn rí bákan náà, orí kan náà, ìgbésẹ̀ kan náà. Mi ò rí ọmọ mi. Mo wo gbogbo ojú tí mo lè wò, mi ò rí i. Táíwò ló ní, "Ìlà kejì, ẹni kẹta láti ọ̀tún, ẹ wo bó ṣe ń fi ọrùn ṣe." Òun ni. Wọ́n búra, ìlù dún, wọ́n rin ìrìn jẹ́jẹ́ tí Sájẹ́ǹtì sọ yẹn, kò ti orúnkún pa. Kò gba àmì ẹ̀yẹ kankan. Kò kàn mí.

Nígbà tí wọ́n tú wọn sílẹ̀, ó sáré dé, ó dúró ṣánṣán níwájú bàbá rẹ̀, ó sálúùtù. Bàbá rẹ̀ ò mọ ohun tó máa fọwọ́ ṣe. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí iyán délẹ̀ ní Sabon Gari, àwọn méjèèjì ti da ìyẹ̀fun gàrí sórí tábìlì, wọ́n ń fi ìka ya òkè. Iyán ń tutù. Kẹ́hìndé ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú ogun kọ́ nìyẹn, bàbá ní bí ó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn. Wọn ò tíì parí rẹ̀ títí di òní, orí WhatsApp ló wà báyìí.

Ó bá wa dé ilé fún ìsinmi díẹ̀. Ó ń jí ní ìdájí, ó ń gbá gbogbo àgbàlá, Táíwò ń bú u. Wọn ò tíì sọ ibi tí wọ́n máa gbé e lọ. Mo ń retí Auchi, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ohun tí Sájẹ́ǹtì wí àti ohun tí Ọmọ Adó wí. Mi ò yí rédíò sókè mọ́ àwọn méjèèjì.

Ọmọ Adó

Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire. Tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́. Kí Ọlọ́run dá a sí.

Ìyá Dámi (Ìjerò)

Àmín o! Ẹ fi fọ́tò gàrí yẹn ránṣẹ́.

Ọ̀dọ́ Ìkẹ́rẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ìbéèrè kékeré. Àbúrò mi fẹ́ gba fọ́ọ̀mù tó bá tún jáde. Ó ti pé ọdún mẹ́tàlélógún, WAEC nìkan ló ní, kò kọ́ṣẹ́. Ẹnì kan ní ojúlé wa ní kó mú ₦80,000 wá kí òun bá a gbà á.

Sájẹ́ǹtì Fẹ̀yìntì (Ìgbàrà-Odò)

Ẹni yẹn fẹ́ jẹ ẹ́ ni. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù, orí recruitment.army.mil.ng ni wọ́n ti ń kún un. Àmọ́ ọjọ́ orí ti fẹ́ dí i lọ́nà. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú àwọn ìkéde wọn tó ti kọjá, ẹni tí kò níṣẹ́ ọwọ́ gbọ́dọ̀ wà láàárín ọdún 18 sí 22, oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń gbà títí dé 26. Bó bá lè kọ́ iṣẹ́ kan kó sì gba ìwé ẹ̀rí ìdánwò iṣẹ́ náà kí ọdún tó lé e, kó lọ ṣe é. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ wọn gíga rẹ̀: mítà 1.68 ni ti ọkùnrin, 1.65 ni ti obìnrin. Báwo ló ṣe ga tó?

Ọ̀dọ́ Ìkẹ́rẹ́

Ó ga jù mí lọ, ṣùgbọ́n èmi náà ò ga. Ẹ jẹ́ kí n lọ wá téèpù.